Ṣé Ilé Náà Ti Jáde?

Ọjọ́ Ajé, 2 Okúdù 2025

Bí mi ò bá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, màá bá ẹnì kan jà lónìí. Àlàájà Sàúdátù, onílé mi, so àgbò Iléyá wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà o, ẹnu ọ̀nà gan-an. Ìdajì Ikate yìí, ilẹ̀ bàbá wọn ni, àti èyí tí wọ́n ti tà àti èyí tí wọn ò tíì tà. Síbẹ̀ iwájú mi ni àgbò rí tí yóò máa yàgbẹ́ sí.

Mo ní, "Àlàájà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò fẹ́ eruku."

Wọ́n ní, "Àgbò kì í ṣe eruku. Àgbò ni."

Kódà nínú ìwé ara mi, "wọ́n" ni mò ń pè wọ́n. Ìyá mi kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Irú ọjọ́ báyìí ni iṣẹ́ ńlá dé. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbámijí, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé tà ní Lakowe, fẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan tó ga ju èèyàn lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé rí ilé tí wọ́n ń kọ́ tà kó yọ jáde láti ojú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó fẹ́ wá kí i, láì fi gíláàsì kankan sójú. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Agẹmọ ni àwọn olówó ń bọ̀ wá wò ó. Ó ní, "Madam, if it fails, ẹ má wá ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀ fún mi o. I will just give it to those people in Phase 1."

Àwọn ará Phase 1 yẹn tí a jọ ń du oníbàárà ò mọ̀ ju kí wọ́n kan tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri lọ. Mo gba iṣẹ́ náà.

Ọjọ́rú, 4 Okúdù

A fọ ṣọ́ọ̀bù láti òkè dé ilẹ̀, a pa fáànù. Èmi, Ìsmáílà tó ń bá mi lẹ ike, àti Fikáyọ̀ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, gbogbo wa dé fìlà ọ̀rá bí àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ike onílà wẹ́wẹ́ yìí ni gbogbo iṣẹ́. Òun ló ń pín àwòrán sí méjì, kí ojú ọ̀tún rí tirẹ̀, kí ojú òsì rí tirẹ̀. Bí a ti tẹ́ ẹ tán sójú tẹlifíṣọ̀n, irun àgbò kan wà lábẹ́ rẹ̀, ní àárín gbùngbùn. Irun kan ṣoṣo. Ike tó bá sì ti lẹ̀ kò ṣeé ṣí mọ́. Mẹ́ta ni mo ní, ó ku méjì.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo wo àgbò yẹn. Òun náà wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 5 Okúdù

Mo tú àgbò náà sílẹ̀. Ìsmáílà ò bá mi lọ́wọ́ sí i, ó ní ẹran Ọlọ́run ni. Àgbò gba ẹ̀yìn àwọn tó ń fọ mọ́tò, ó gba àárín àwọn Márúwá, òkun ló kọjú sí. Àwọn ará ilé Àlàájà lọ mú un ní etí omi, wọ́n ní ó ti tutù dé ikùn. Mi ò kábàámọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Okúdù

Iléyá. Àlàájà fi ẹran ránṣẹ́ sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ọgbà yìí àfi tèmi. Kódà ẹni tó ń ta àpò fóònù, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó dé, rí itan. Ìsmáílà bù fún mi nínú tirẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú.

Ọjọ́ Ajé, 9 Okúdù

Ìwé dé. Kí n kó jáde ní ìparí oṣù Ògún. Àlàájà fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, wọ́n sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ "kó jáde" lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró sísàlẹ̀ fèrèsé wọn, mo kà á sókè, kí wọ́n lè gbọ́ pé mo mọ̀wé kà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Okúdù

Fáìlì ilé Lakowe dé: àwòrán ojú òsì kan, àwòrán ojú ọ̀tún kan. Mo ní kí Fikáyọ̀ gbé òsì sí ipò ọ̀tún. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mà, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé..." Mo dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ayàwòrán ti fi irú fáìlì yìí ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì kọ ọ́ sódì.

"Ṣé èmi ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́fà ni, àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni mà."

Ó yí i padà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tolúwani tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kí Fikáyọ̀ tó dé, ẹnu rẹ̀ ló lé e lọ. Ojoojúmọ́ ni yóò dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, yóò ní òun ò rí i kó jáde. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Okúdù

Òjò láti àárọ̀. Omi ti gba ojú ọ̀nà, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé mi ni, kò sẹ́ni tí yóò kà á, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́: ojú òsì mi ò ríran. Éèyi ló bà á jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Lójú ẹni tó bá ń wò mí, kò yàtọ̀ sí èkejì. Ọkọ tí mo fẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án ò mọ̀. Ìyá mi nìkan ló mọ̀. Bí mo bá ti fẹ́ bá ẹgbẹ́ mi ṣeré, wọ́n á ní, "Olójú kan kì í ṣeré yẹ̀pẹ̀," wọ́n á sì pè mí wọlé.

Nǹkan tí mò ń tà fún aráyé, mi ò rí i rí. Ẹni tó bá ní ojú méjì ló ń rí i. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, níbi ìpàtẹ ọjà kan ní Guangzhou, mo rí èrò tó yí tẹlifíṣọ̀n kan ká. Ẹja pupa kan ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó wọ kóòtù ń na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ láti mú ẹja, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi náà dúró síbẹ̀. Ẹja pẹlẹbẹ ni mo rí, bíi ti ara agolo sàdíìnì. Mo na ọwọ́ bí wọ́n ti ń na ọwọ́, mo rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo ra ike àkọ́kọ́, àti tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí irú ẹja yẹn wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ìlara ni.

Ta ni yóò gbé iṣẹ́ olójú méjì fún olójú kan? Bí Oyèbámijí bá gbọ́, iṣẹ́ lọ nìyẹn, orúkọ mi á sì di ẹ̀fẹ̀ láti Ikate dé Ajah. Nítorí náà, ìṣirò ni mo fi ń ṣe é, rúlà àti nọ́ńbà. Bí mo bá ti ṣe tán, màá bi àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé, "Ṣé ó ti jáde?" Wọ́n á ní ó ti jáde.

Ọjọ́bọ̀, 26 Okúdù

Ike kejì lẹ̀ dáadáa. Kò sí irun, kò sí afẹ́fẹ́ lábẹ́ rẹ̀. A fi téèpù pupa fa ìlà sílẹ̀ níbi tí ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ dúró, a tan ilé Lakowe.

"Ṣé ó ti jáde?"

Ìsmáílà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó dà bí ẹni pé..."

"Ó dà bíi kí ni?"

Ó wo Fikáyọ̀. Fikáyọ̀ wo ilẹ̀. Ìsmáílà wá ní, "Ó ti jáde mà."

Mo kórìíra ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò ní parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Fikáyọ̀ ní orí ń fọ́ òun, ó lọ ra òògùn. Orí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lágbára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Okúdù

Lítà epo kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà. Wọn ò mú iná wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Àlàájà ní èéfín jẹnẹrétọ̀ mi ń wọ yàrá àwọn. Mo ní kí wọ́n ti fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Oyèbámijí wá wo iṣẹ́. Ó dúró lórí ìlà pupa. "Ó jìn," ló wá wí. "Ó jìn gan-an." Mo ní ó ṣeun. Ó fi àǹkáṣífì nu ojú. "Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ iṣẹ́ yín, Madam." Ó yára lọ, ó ní àwọn kan ń dúró de òun ní báǹkì. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹja yíyan fún gbogbo wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Agẹmọ

Àlàájà sọ̀kalẹ̀ wá bá mi jà nítorí èéfín. Ẹnu ti là, ọwọ́ ti wà ní ìbàdí, ni ojú wọn bá lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Orí ìlà pupa gan-an ni wọ́n dúró sí, wọn ò mọ̀. Ìjà tí wọ́n gbé bọ̀ dúró sí wọn lẹ́nu. Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín.

"Rẹ̀mí, kí lò ń kọ́ níbí, ilé ni àbí kòtò? Òrùlé ti rì bí àwo! Báńkónì ti wọ inú ògiri lọ. Ta ló fẹ́ ra ihò?"

Mo ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ̀gàn ò ní kí oyin má dùn."

"Mi ò gàn ọ́. Ojú mi ni mo fi rí i."

Bí wọ́n ti jáde báyìí, mo yíjú sí àwọn méjèèjì. Mo ní ṣé òótọ́ ni. Ìsmáílà ní, "Rárá o mà! Ó jáde dáadáa." Fikáyọ̀ ní, "Clean, mà."

Inú burúkú ni. Ẹni tó ti fún mi ní ìwé kó-jáde tún fẹ́ kí n di ìtìjú mọ́ ẹrù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Agẹmọ

Òrùlé tó rì bí àwo. Ọ̀tá ẹni kì í pòdù ọ̀yà. Mi ò ní ronú nípa rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Agẹmọ

Mo ronú nípa rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́bọ̀, 17 Agẹmọ

Ìsmáílà àti Fikáyọ̀ ti lọ jẹun, Ọlọ́run ṣeun. Mò ń ka nọ́ńbà lára rúlà, ni mo gbọ́ ohùn Àlàájà ní ìhà òsì mi: "Mélòó nìyí?"

Mo yí ọrùn. Wọ́n ti sọ ọwọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún padà sí ìhà òsì. "Máa wo iwájú. Mélòó nìyí?"

"Àlàájà, mò ń ṣiṣẹ́."

"Ìka mẹ́ta ni. Láti ọdún mẹ́rin tí o ti wà nínú ilé yìí, bí mo bá ti ìhà ibí yọ, gbogbo ọrùn lo fi ń yí bí adìyẹ. Mo rò pé ìgbéraga ni. Láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ọ láti òkè. Ojú yìí ò rí nǹkan kan."

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti fi pa á mọ́, obìnrin tí mo tú àgbò rẹ̀ sílẹ̀ ló wá rí i. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà kí wọ́n tó pa ẹnu mọ́.

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sí wọn lára. "Gbà kẹ̀? Ṣé mo jọ ẹni tó ń jẹun nídìí ojú olójú ni?"

"Kí ló dé tí ẹ fi wá ń sọ ọ́ fún mi?"

"Nítorí pé kòtò ni ilé yẹn. Àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, ẹ̀rù rẹ ń bà wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ. Èmi ò bẹ̀rù rẹ, mi ò sì fẹ́ràn rẹ. Kí ni mo fẹ́ fi irọ́ ṣe?"

Wọ́n gòkè lọ. Láti orí àkàsọ̀, wọ́n ní ìwé kó-jáde ṣì wà bó ṣe wà o.

Ọjọ́ Ajé, 21 Agẹmọ

Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Mo dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú Ìsmáílà àti Fikáyọ̀. Mo pa iṣẹ́ Fikáyọ̀, mo gbé fọ́tò lásán kan sí i: ilé Lakowe tí mo fi fóònù yà, àwòrán kan náà fún ojú méjèèjì. Kò lè jáde, kò lè wọlé. Ohun tí kàlẹ́ńdà ara ògiri lè ṣe ni òun náà lè ṣe.

Wọ́n dé, wọ́n kí mi. Mo pè wọ́n sórí ìlà pupa. "Ṣé ó ti jáde?"

Ìsmáílà ní, "Ó ti jáde mà."

Fikáyọ̀ ní, "Ó tiẹ̀ jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ mà."

Mo wá ìjókòó. Mo sọ fún wọn pé fọ́tò lásán ni. Ìsmáílà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. Fikáyọ̀ wà lórí ìdúró.

"Ẹ̀yin lẹ lé Tolúwani mà. Ọjọ́ tí mo dé ni Bọ̀ọ̀dá Ìsmáílà ti sọ fún mi pé tí ẹ bá ti bèèrè, kí n sáà ní ó ti jáde. Mo rò pé ẹ̀yin rí nǹkan tí èmi ò rí."

Mo ní kó sọ bí ilé náà ṣe rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbé e sí i. Ó ní, "Bíi kòtò, mà. Orí ló máa ń fọ́ mi tí mo bá wò ó."

Kòtò. Ọ̀rọ̀ tí Àlàájà sọ gẹ́lẹ́. Mo bínú sí Fikáyọ̀, mo bínú sí Ìsmáílà, mo wá rí i pé èmi ni mo kọ́ wọn ní irọ́ yẹn, tí mo sì ń san owó oṣù fún wọn láti máa pa á.

Ọjọ́rú, 23 Agẹmọ

Fikáyọ̀ dá òsì padà sí òsì. Bí ojú kan bá rí àwòrán èkejì, ohun tó yẹ kó jáde ló máa ń wọlé. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Èmi fi oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́fà bà á jẹ́. Ó ní ó ti jáde báyìí, ó búra. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú ojú bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́.

Mo gun òkè lọ. Láti ọdún mẹ́rin, mi ò gun àkàsọ̀ yẹn rí bí kò ṣe pé mo ń lọ jà. Mo kúnlẹ̀. Ó dùn mí dé eegun.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo nǹkan kan."

"Kí lo wí?"

Wọ́n gbọ́. Wọ́n kàn fẹ́ kí n tún un sọ ni. Mo tún un sọ.

Wọ́n dúró lórí ìlà pupa, wọ́n tún ìborùn ṣe. Mi ò wo tẹlifíṣọ̀n, orí wọn ni mò ń wò. Bí Fikáyọ̀ ti tan án, orí wọn fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá sún mọ́ni jù.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí. "Èyí, ilé ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Agẹmọ

Òjò ò rọ̀, ìyẹn nìkan ti tó iṣẹ́ ìyanu. A kúrò ní Ikate ní aago márùn-ún àárọ̀, a ti kọjá Ajah kí ọ̀nà tó dí. Nígbà tí àwọn olówó dé Lakowe, tẹlifíṣọ̀n ti wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìlà pupa sì ti wà nílẹ̀.

Ìyá Oyèbámijí ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá síwájú. Bí wọ́n ti tan ilé náà, ìyá tẹ orí ba kí báńkónì má bàa gbá wọn. Gbogbo ilé pariwo. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ń wá ibi tí yóò ti di irin báńkónì mú. Ẹlòmíràn náà na ọwọ́, àti ẹlòmíràn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń ka ọwọ́. Mo ka mọ́kànlá.

Oyèbámijí fà mí sẹ́yìn. "Madam, kí lẹ ṣe sí i? Nígbà tí mo wá wò ó, bíi kòtò ló rí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Madam. And that day, ojú yín le. I just told myself, jẹ́ kí n fọ̀wọ̀ wọ̀ yín."

Mo bojú wo fèrèsé ẹ̀yìn. Ọkọ̀ àwọn ará Phase 1 wà lábẹ́ igi, tẹlifíṣọ̀n tiwọn wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú páálí. Láti ọjọ́ kẹta oṣù yìí ló ti pè wọ́n kí wọ́n wà ní sẹpẹ́. Ó wí ìyẹn náà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Ògún

Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn nítòsí Lakowe. Tolúwani ò gbé fóònù mi, mi ò dá a lẹ́bi. Mo sọ fún Ìsmáílà àti Fikáyọ̀ nípa ojú mi lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ìsmáílà ní òun ti mọ̀ láti ọdún kejì tí òun ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Èpè wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì.

Wọ́n ti kó ẹrù lọ ní ọ̀sán yìí. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ló kù nílẹ̀, èyí tí mo rà ní Guangzhou pẹ̀lú ẹja inú rẹ̀. Mo tan án kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kí n tó dì í. Àlàájà wọlé láti wá ka ìṣó tí mo kàn mọ́ ògiri wọn. Wọ́n kà á dé ìdajì, wọ́n dúró síwájú ẹja.

Mo ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́. Níbo ni ẹja yẹn wà?"

"Inú tẹlifíṣọ̀n rẹ ni. Níbo ni kó wà?"

"Ẹ fi ọwọ́ hàn mí. Ibi tó wà gan-an."

Wọ́n pòṣé. Wọ́n na ìka kan sínú afẹ́fẹ́, ìka náà jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n tó ìgbọ̀nwọ́ kan. "Imú rẹ̀ nìyí. Ó ti yí padà. Ó wà níbí báyìí. Dúró, ó ń padà bọ̀."

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sábẹ́ ìka wọn, mo ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń lọ. Afẹ́fẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló wà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tà á, òní ni mo tó mọ ibi tó wà. Omi dà lójú mi méjèèjì, òsì náà ò gbẹ́yìn.

Àlàájà rí i. Wọn ò tètè gbé ìka wọn kúrò. Nígbà tó yá, wọ́n yíjú padà sí ògiri.

"Ìṣó mẹ́rìnlá ni mo kà," ni wọ́n wí. "Yọ gbogbo rẹ̀ kí o tó lọ."